Ogún Kápúsù

Ìyàwó méjì ni mo ní. Àwáwù ni ìyálé, òun ló bí Fàtímọ̀. Àdìjátù ló bí Jímọ̀. Bí mo bá gbé iṣu wálé, mo máa ń pín in lọ́gbọọgba. Bí mo bá ra aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo rò pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ilé mi dàrú.

Lọ́dún 1983, òjò kò rọ̀ títí oṣù Òkúdù fi wọlé. Odò ẹ̀yìn oko wa ní Ìgànná gbẹ. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló kù, àwa àti màlúù la jọ ń mu ún. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú Jímọ̀, ó ń ya ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa fún mi ní ogún kápúsù, pupa òun yẹ́lò. "Mẹ́rin lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá, ẹ má dá a dúró o, Bàbá."

Àwáwù rí i lọ́wọ́ mi.

"Ti Jímọ̀ nìkan?"

"Òun ló ń ṣàìsàn."

"Ṣé orí àtàn ni mo ti ṣa Fàtímọ̀ ni? Ṣé kì í ṣe omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu? Ẹ kúkú sọ pé obìnrin ni mo bí."

Àdìjátù yọjú. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni, kì í ṣe ẹran iléyá."

"Dákẹ́ ńbẹ̀. Ẹran iléyá gan-an, ìwọ ni wọ́n ń gbé itan fún."

Mo pín in. Mẹ́wàá, mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kẹta, ti Jímọ̀ tán. Ó ti dìde, ó ń béèrè èkuru. Àwáwù so tirẹ̀ mọ́ etí ìró. Bí inú bá run Fàtímọ̀, yóò fún un ní ẹyọ kan. Bí kò bá run ún, tó bá sáà ti rí Jímọ̀ tó ń sáré, yóò tún fún un ní ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbẹ́ náà padà sára Jímọ̀. Ó mú Fàtímọ̀ pẹ̀lú. Mo ra kápúsù mìíràn. Àwọn méjèèjì lò ó tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

"Báwo lẹ ṣe lo ti àkọ́kọ́?" Nọ́ọ̀sì ló bi mí. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ ò pa kòkòrò àrùn yẹn tán, Bàbá. Èyí tó ṣẹ́kù ti mọ oògùn yìí, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ló kù."

A gbé wọn lọ. Fàtímọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó lára, ó sì yè. Jímọ̀ kò tíì pé mẹ́ta. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Àdìjátù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n Àwáwù kò jẹ́ kí Fàtímọ̀ ṣeré lójúde mọ́. Ó ní ojú tí ìyàwó òun fi ń wo ọmọ òun kò dára. Mi ò bá a jiyàn. Èmi náà, bí mo bá gbọ́ tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.