Tíṣà Ẹ-tún-un-wí

"Ẹ tún un wí," ni tíṣà wí, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì.

Àwọn méjìdínlógún tó jókòó síwájú rẹ̀ tún un wí. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n dákẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò ṣòkòtò, níbi tí ìyàwó rẹ̀ bá a fi sí láàárọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń kọ́ àwọn àlejò ní èdè àwọn onílùú. Kì í lo ìwé. Òun á wí, wọ́n á tún un wí, títí ọ̀rọ̀ á fi jókòó sí wọn lẹ́nu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Tíṣà Ẹ-tún-un-wí. Àwọn tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ń sọ èdè náà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Ó gbé e ṣubú ní balùwẹ̀, ó mú ọwọ́, ó mú ẹsẹ̀, ó fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà nílé. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀. Ẹnu náà padà, lójú tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dúró níwájú dígí, tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní sókè, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọ̀gá ilé-ìwé kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọjọ́ tí tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ mú àwọn tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, màá wá jókòó sẹ́yìn. Bó bá lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, kíláàsì yín ni. Bí kò bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sinmi."

"Mo gbọ́."

Ọ̀la ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bíríkìlà ló dé, aláwàdà tí í máa jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó pẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni mo lọ wá."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i o, ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé. Mo kí i, mo sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wa, n ò fo ẹyọ kan. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó bi ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ pé ìgbà wo ni àìsàn yẹn ṣe mí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mò ń gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan! Mo ní ara mi le koko. Mo ní bí tíṣà mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Aránṣọ tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín. Ó wo ẹnu tíṣà, ó wolẹ̀. Ẹ̀rín náà kú láti iwájú lọ sẹ́yìn, títí ó fi ku bíríkìlà nìkan.

"Kí ló dé?" ló bi wọ́n.

"Jókòó, jàre," ni aránṣọ wí.

Tíṣà ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Òun kọjú sí pátákó. Ẹni kìíní wọ́ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ó sì gbé ìparí rẹ̀ mì. Ẹni kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta náà. Wọ́n ní bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹ ohùn. Ohùn kankan kò yẹ̀ níbẹ̀. Ohùn mọ́kàndínlógún, ẹnu wíwọ́ kan ṣoṣo.

Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń bá a tú bọ́tìnnì.

"Ó ti pẹ́ tí o ti gbọ́ ọ," ni tíṣà wí.

"Mo gbọ́ ọ."

"O ò sọ."

"Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́, bàbá wọn? Ẹ ti wẹ̀, ẹ ti múra, inú yín ń dùn."

Tíṣà ní kó bá òun fa àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wá jókòó sẹ́yìn. Tíṣà gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀, tó mọ́ gaara. Ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó dé ni tíṣà ti gba ohùn náà sílẹ̀, fún àwọn tó bá pa kíláàsì jẹ.

"Ẹ tún un wí," ni ohùn náà wí.

Wọ́n tún un wí. Ó wọ́. Tíṣà mi orí, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mọ́kànlá. Ní ìgbà kejìlá, ọ̀rọ̀ náà tọ́ lẹ́nu aránṣọ.

Bíríkìlà nawọ́. "Tíṣà, ta ni bàbá yìí? Ohùn rẹ̀ dára o."

"Ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbí rí ni."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Kò sí mọ́."

Aránṣọ tún wolẹ̀. Ní ẹ̀yìn kíláàsì, ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá bi tíṣà pé, "Kásẹ́ẹ̀tì mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Kíláàsì yín ni," ni ọ̀gá wí, "títí kásẹ́ẹ̀tì á fi tán."

Ogún ẹ̀kọ́ ni kíláàsì náà gbọ́dọ̀ kọ́ kí wọ́n tó ṣe ìdánwò. Mẹ́sàn-án ló wà nínú àpótí.