Ẹ̀yìn Bíríkìlà

Kí àkàbà tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ọkùnrin yìí ní ọ̀lẹ. Bíríkìlà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ògiri tó bá mọ kì í wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi balẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Láti ìgbà náà, owó ìrànwọ́ ìjọba ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń jẹun.

Ẹ̀yìn dídùn kì í ṣe egbò téèyàn lè ṣí hàn. Lọ́jọ́ tó bá le, ìyàwó ní í wọ ṣòkòtò fún un. Lọ́jọ́ tó bá rọlẹ̀ díẹ̀, á jókòó síta gba atẹ́gùn, ọjọ́ yẹn nìkan sì ni àdúgbò ń rí. Télọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé sọ ọ́ ní Àna Ìjọba. Télọ̀ a máa ránṣọ títí ojú á fi máa ta á, owó orí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ó ń dùn ún pé ẹnì kan jókòó, ó ń jẹ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín sí orúkọ náà. Nígbà tó yá, bíríkìlà ò jẹ́ rẹ́rìn-ín níta mọ́, kí wọ́n má baà ní ara rẹ̀ ti yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyàwó rẹ̀, tó lóyún, yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ọkọ kígbe títí, òjò ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ló bá gbé e mọ́ àyà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé títì. Télọ̀ rí wọn. Òun gan-an ló sáré dá takisí dúró. Oyún bàjẹ́, ìyàwó yè. Lẹ́yìn náà, bíríkìlà dùbúlẹ̀, kò lè yíra padà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣojú télọ̀. Ohun tó ṣojú rẹ̀ ló lọ sọ ní ọ́fíìsì ìrànwọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi í bóyá lóòótọ́ ló gbé ìyàwó rẹ̀.

“Mo gbé e.”

“Ẹ̀yìn yín ńkọ́?”

“Mi ò rántí ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, mà.”

Obìnrin náà ní ẹni tó lè gbé èèyàn lè gbé búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n ṣe dá owó náà dúró nìyẹn.

Omi tán lẹ́yìn ẹja. Bíríkìlà padà síbi iṣẹ́, fọ́máànù tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó ní kó máa po sìmẹ́ǹtì. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú. Pákó ni wọ́n fi gbé e wálé, télọ̀ sì wà lára àwọn tó gbé e gun òkè. Télọ̀ wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni.”

Ìyàwó ló dá a lóhùn. “Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni télọ̀ fi ń lọ, tó ń bọ̀. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá a lóhùn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì sọ pé ẹjọ́ tuntun ni, ó máa pẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀rí.

“Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ mi náà ni wọ́n fi dá owó náà dúró. Wọ́n ní kẹ́ni tó kàn wọlé.”

Ìyàwó ò bú u. Ó ní kó wá bá òun di ẹsẹ̀ ọkọ òun mú, káwọn yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, torí egbò ti ń yọ sí i nídìí.