Ẹní Àkísà Mahala àti Àgọ́ Ẹja Tó Ṣìnà

Ẹ fà mọ́ ìdí ààrò, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí ibi jókòó. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi fún yín lónìí. Obìnrin kan ló padà sílé bàbá rẹ̀. Ilé gbà á, àwọn ará àdúgbò ni kò tètè gbà á. Kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sì sí ọba. Ẹní àkísà ló wà nínú rẹ̀, àti ìjà díẹ̀.

Orúkọ obìnrin náà ni Mahala Budgell. Merritt's Arm ni wọ́n bí i sí, ní etíkun àríwá Newfoundland níbí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ ọkọ̀ lọ sí Toronto, ó sì fi ọdún méjìdínlógójì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú. Corinne, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà nílé ọkọ tirẹ̀. Ni Mahala bá kó ẹrù rẹ̀, ó padà sínú ilé tí Eli, bàbá rẹ̀, kú fi sílẹ̀, ilé tó ti wà ní títì fún ọdún mẹ́ta. Ó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà tí ìjọba ti fòfin de pánlá pípa, àwọn èèyàn ń lọ ni, wọn kì í bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ di ohun ìyanu.

Corinne bá a jà lórí fóònù pé kó padà sí Toronto, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn Mahala fún un ní àdéhùn kan. Ó ní, "Jẹ́ kí n gbé inú ilé náà wò títí di Àjíǹde. Bí ibẹ̀ bá ṣì ń ṣe mí bí ilé onílé, màá tà á, màá sì padà wá bá ọ."

Ilé fúnra rẹ̀ kò fún un ní wàhálà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rántí àtẹ̀gùn tó máa ń dún, ọwọ́ rẹ̀ ti rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀kùn ibi ìkóúnjẹsí sókè díẹ̀ kó tó lè ṣí. Yàrá ìyá rẹ̀ ló ń sùn. Ìṣòro rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ní Merritt's Arm, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná lo máa gbà, wàá ṣí i, wàá wọlé, wàá jókòó, lẹ́yìn náà ni wàá tó sọ pé òtútù mú. Ọlọ́pàá ló ń kan ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ tuntun ń kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Àlejò ń kàn án. Mahala mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógójì ní Toronto ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan mìíràn. Bó bá ti wọlé, ọwọ́ náà á ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, á yí i, kó tó rántí pé òun ní ọwọ́.

Ọjọ́ kejì tó dé ni Àǹtí Drusilla Pelley gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ní ẹran oníyọ̀ nínú wá. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, gbogbo èbúté ló ń pè é ní Àǹtí. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó yí i, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó tún yí i. Kí Mahala tó nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, kó tó wá kọ́kọ́rọ́, obìnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ìkòkò lábẹ́ apá.

"Àǹtí Drusilla! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!"

"Kò burú, kò burú," ni ó wí, kò sì yíjú padà.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ jẹ́ fún Mahala, á kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á dúró sí ìloro, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè é ní màdáámù, wọ́n á yin kọ́tìnì rẹ̀. Mahala yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó jù ú sínú àpótí. Kò yí nǹkan kan padà. Ta ni yóò tún lọ dán ilẹ̀kùn náà wò?

Ọdún Kérésì kọjá báyìí. Nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà, tí ìrọ̀lẹ́ sì ń gùn, Mahala gun àjà lọ, ó bá férémù ẹní ìyá rẹ̀ níbẹ̀, igi mẹ́rin tí wọ́n fi okùn so, pẹ̀lú ìkọ́ tí Eli fi ìṣó àti èèkù igi ṣe fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe ẹní nítorí pé ilẹ̀ ilé tutù. Mahala ṣe é nítorí pé ó wù ú. Ó na àpò ìdọ̀họ sórí férémù, ó gé kóòtù àtijọ́ àti súwẹ́tà rẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan di àkísà mú lábẹ́, ọwọ́ kejì ki ìkọ́ bọ ihò àpò láti òkè, ó fà á yọ ní ojóbó kékeré. Ó tún kì í, ó tún fà á. Wọn kì í ta kókó kankan nínú iṣẹ́ náà. Bí o bá di etí àkísà kan mú tí o fà á, gbogbo ìlà náà á tú pátá.

Èbúté Merritt's Arm ni ó ń yà. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ilé, ó ń to wọ́n sórí àpò bó ṣe ń rí wọn: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Pelley, ilé Hynes, odò kékeré tó ń ṣàn wọ òkun. Ohun tí kò sí mọ́, láti inú orí rẹ̀ ni ó ti yọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni àgọ́ ẹja pupa ti Azariah, ọkọ Àǹtí Drusilla, níbi tó ti máa ń fi iyọ̀ sí ẹja, tó máa ń dúró lórí òpó lẹ́nu odò kí yìnyín òkun tó gbé e lọ. Kóòtù pupa Corinne ni ó gé fún un.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Àjíǹde pé nígbà tí ilẹ̀kùn dún, kó, kó, kó. Àǹtí Drusilla ni, lẹ́tà kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán o, màdáámù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ fi eléyìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láṣìṣe."

"Àǹtí, ẹ wọlé, tíì wà lórí iná."

"Rárá o, ẹ má ṣèyọnu. Bàtà mi ti tutù. Kọ́tìnì yín mà dára o."

Mahala gba lẹ́tà. Ó ti ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò pe Corinne lálẹ́, kí òun sọ fún un pé òun ti gbé ibẹ̀ wò, kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbà náà kò lọ. Ojú rẹ̀ ti kọjá èjìká Mahala, ó ti dé orí férémù.

"Kí ni nǹkan pupa yẹn?"

"Àgọ́ ẹja yín ni, Àǹtí. Ti Bàbá Azariah."

"Níbo lo gbé e sí?"

"Lẹ́nu odò—"

"Mo ní níbo lo gbé e sí, ọmọ Eli!"

Ni ó bá wọlé, tòun ti bàtà òjò rẹ̀, yìnyín ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kọjá lára Mahala bí ẹni pé àga ni. Ó fi ìka gún ẹní náà. "Apá ìwọ̀ oòrùn odò! Ilẹ̀ Hynes! Ọdún mọ́kànlá ni Azariah àti Hubert Hynes kò fi kí ara wọn nítorí ẹsẹ̀ bàtà méjì ilẹ̀ yẹn. Adájọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí, ó dá wa láre. Ìwọ wá jókòó nínú ooru, o ń mu tíì, o gbé e fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ òsì ló wà."

"Ọwọ́ òsì ta ni? Dúró síbi fèrèsé yìí. Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Kí lo ń nà sí?"

"Mo mọ ohun tí mò ń wí!" Ohùn Mahala ti lọ sókè, kò tíì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó dé. "Iwájú ọkọ̀ bàbá mi ni mo máa ń jókòó sí. Bí a bá ń padà bọ̀ tí kùrukùru bo gbogbo nǹkan, á ní kí n wá àgọ́ pupa. Á ní, 'Fi àgọ́ pupa sọ́wọ́ òsì, a ò ní kọ lu àpáta.' Ọwọ́ òsì ló máa ń wà, Àǹtí! Ìgbà mélòó ni mo—"

Ó yíjú. Ó wo fèrèsé, ó wo ẹní.

Àǹtí Drusilla náà wo ẹní. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Àwọn ilé, láti orí ilẹ̀ lo ti wò wọ́n," ni ó wí. "Àgọ́ yẹn, láti ojú òkun lo ti wò ó."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Fi àgọ́ pupa sọ́wọ́ òsì." Ó mi orí. "Bí Azariah ṣe ń wí i nìyẹn. Mo gbàgbé pé Eli kò bí ọkùnrin, pé ìwọ ló ń gbé lọ sókun. Bu tíì wá. Mílíìkì inú agolo ni kí o fi sí i, má fún mi ní omi funfun tí ẹ̀ ń mu ní Toronto."

Bí Mahala ṣe ń bu tíì, Àǹtí Drusilla di etí àkísà pupa mú, ó sì fà á. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tú sórí itan rẹ̀.

"Àǹtí!"

"Kí ni? Ojóbó rẹ náà kò dọ́gba. Ìyá rẹ ì bá ti gbá ọ lọ́wọ́." Ó mu tíì díẹ̀. "Kí lo ń fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn fún? Mo rò pé o ń fi oúnjẹ pamọ́ fún wa ni."

"Ọwọ́ mi ló ṣe é, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Ó yẹ kí o ti wá sílé mi wá wí bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Agídí Eli ló wà lára rẹ. Ọbẹ̀ yẹn, ajá ló jẹ ẹ́."

Ọjọ́ kejì, kí Mahala tó fọ abọ́ òwúrọ̀ tán, ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Drusilla mú Selina Hynes, opó Hubert, lọ́wọ́ wá pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Selina gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Kí ló dé tí ẹ tú u? Ẹ̀ bá jẹ́ kó wà níbẹ̀! Ó tó ọdún márùndínláàádọ́ta tí adájọ́ ti ṣàṣìṣe, ẹní àkísà ló wá dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ."

"Fi ẹnu rẹ mu tíì, Selina."

"Ilé tiwa ńkọ́? Aláwọ̀ eérú lo fi ṣe é? Mahala, ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni ilé Hynes dúdú bẹ́ẹ̀ rí? Ìbọ̀sẹ̀ Hubert aláwọ̀ yẹ́lò wà nílé, màá kó o wá."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé ilé òun sí ibi tí kò yẹ á wá wò ó, ẹni tó wá wò ó á fà á tú, ẹni tó fà á tú á jókòó tún un ṣe. Wọ́n jókòó yí férémù ká, obìnrin kan lápá kan, àkísà olúkúlùkù nínú àpò rẹ̀. Kò sí àyè fún tábìlì mọ́, orí itan ni Mahala ti ń jẹun nínú ilé ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yin kọ́tìnì rẹ̀ mọ́. Selina ní kó fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni Corinne pè.

"Mọ́mì, Àjíǹde ti kọjá o. Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?"

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ń pariwo. Wọ́n ti tú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló tú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Selina. Ó ní orí rẹ̀ ga jù."

"Ta ni Selina? Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?"

Mahala wo ilé ìdáná rẹ̀. Àǹtí Drusilla ti na ẹsẹ̀ sẹ́nu ààrò, ó ń bá ẹnì kan jiyàn lórí àwọ̀ òkun.

"Mi ò bọ̀," ni ó wí. "Ìwọ ni kí o wá lóṣù keje. Kó súwẹ́tà tó o kò wọ̀ mọ́ dání, búlúù ló wọ́n wa."

Ẹní náà parí ní oṣù kẹfà. Ní ti àwọ̀ òkun rẹ̀, wọn kò tíì parí iyàn náà títí di òní. Verna, ọmọ-ọmọ Àǹtí Drusilla, ló sọ ìtàn yìí fún mi, níbi tí àwa méjèèjì jókòó kọjú síra wa nídìí férémù kan, ó sì ní ẹnu ìyá àgbà òun gan-an lòun ti gbọ́ ọ.