Erùpẹ̀ Abẹ́ Ezekiel

Irin tí wọ́n fi sí i nítan nígbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà la fi mọ̀ pé Ezekiel ọkọ mi ni. Ọdẹ kan ló rí egungun rẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn oko iṣu wa ní Òkà. Ikán ti jẹ aṣọ rẹ̀ tán.

Láti bí ọdún kan tí a ti ń wá a ni wọ́n ti ń sọ ní Ìkàrẹ́ tí à ń gbé pé ó kọ̀ mí sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí i ní Ìkáràm, òun àti obìnrin kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ọjọ́ tó dágbére oko fún mi ló kú, àbí ó kọ́kọ́ lọ gbé ibòmíràn?

Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n yọ̀ǹda egungun fún ìdílé rẹ̀, wọ́n sì sin ín. Mo bá lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Jimoh, tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ ní yunifásítì. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé omi ara òkú a máa wọ inú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àmóníà, èròjà tó máa ń rùn bí ìtọ̀, á pọ̀ níbẹ̀ débi pé koríko á kú. Bó bá pẹ́, á yí padà, òjò á máa fọ̀ ọ́ lọ, koríko á sì tún hù. Bí òun bá yẹ erùpẹ̀ náà wò, òun lè sọ bóyá òkú náà ti pẹ́ níbẹ̀ tàbí kò pẹ́.

Nígbà tí èmi àti rẹ̀ dé inú igbó náà, kòtò la bá níbẹ̀, eérú ló kún inú rẹ̀. Ògúnsúyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti kó gbogbo erùpẹ̀ dúdú ibẹ̀ sínú pósí, kí ohunkóhun má bàa ṣẹ́kù lára àbúrò rẹ̀ sínú igbó. Lẹ́yìn náà ló dáná sun ojú ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jimoh ha etí kòtò náà, ó mi orí. Ó ní eérú ti ba èyí tó kù jẹ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ògúnsúyì nílé rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n hú pósí náà, kí wọ́n bu díẹ̀ nínú erùpẹ̀ yẹn. Wọn kò ní fọwọ́ kan Ezekiel.”

“Ìyàwó, kí lo rò pé mo fi ọwọ́ mi méjèèjì kó? Erùpẹ̀ yẹn, Ezekiel ni.”

Inú bí mi, nítorí pé ohun tí olùkọ́ náà sọ gan-an ló ń sọ. Mo ní wọ́n ń sọ ní Ìkàrẹ́ pé Ezekiel sá fún mi ni.

“Jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?”

Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí erùpẹ̀ náà sọ fún mi nìyẹn. Ó yíjú, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Jimoh ń dúró dè mí nínú ọkọ̀. Mo ní kó máa wà wá lọ, kò sí erùpẹ̀ tí yóò yẹ̀ wò mọ́.