Ogójì Fèrè Ẹgbẹ́ Adènà-Olè

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1975, lọ́jọ́ Sátidé, owó Údójì, àfikún owó oṣù tuntun, ti balẹ̀ sápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àdúgbò kan ní Àgùdà sì tú dà sí pálọ̀ Àǹtí Edith láti wá san gbèsè.

Edith ni akápò Ẹgbẹ́ Adènà-Olè. Ṣílè méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, kí wọ́n lè san owó Jẹ̀lílì, ọlọ́dẹ wọn. Nígbà tí náírà dé, tí ṣílè méjì di ogún kọ́bọ̀, àwọn kan ní ojú àwọn kò tíì mọ owó tuntun, wọ́n sì dẹ́kun sísan. Lọ́dún 1974, oṣù márùn-ún ni Jẹ̀lílì gba gàárì dípò owó. Edith rántí ìwọ̀n rẹ̀: kóńgò mẹ́rin lóṣù. Àwọn kan ní Èbúté Mẹ́ta sì ti ń pe Jẹ̀lílì síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, owó rọ̀ bí òjò. Bàbá Túbọ̀sún san gbèsè ọdún méjì, ó san ti ọdún tó ń bọ̀, ó tún bá aládùúgbò tí kì í kí i san tirẹ̀. Agolo bisikíìtì tí Edith ń kó owó ẹgbẹ́ sí kún dé ọrùn: igba náírà ó lé mẹ́rìnlá.

Edith ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ogójì náírà, owó oṣù márùn-ún tí wọ́n jẹ Jẹ̀lílì. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose tó jẹ́ alága rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Edith, ṣé Jẹ̀lílì ń sá lọ ni? Ọmọ ilé ni. Olè là ń bá jà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ra aṣọ kàkí fún àwọn olóyè, wọ́n kọ pátákó, wọ́n ra fèrè ọlọ́pàá fún ogójì ilé. Wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá gbọ́ fèrè gbọ́dọ̀ fọn tirẹ̀.

Ní Sátidé kejì, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ambrose dán tirẹ̀ wò. Ilé kejì dáhùn, ìkẹta gbà á, ó yí àdúgbò ká, ó tún padà dé ọ̀dọ̀ Ambrose, òun náà sì gbọ́dọ̀ fọn. Kò sẹ́ni tó lè dákẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Ìyá Saidat fọn títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jẹ̀lílì sáré lọ sókè, ó sáré wá sísàlẹ̀, kò mọ ibi tí olè wà. Edith rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, fèrè lẹ́nu.

Jẹ̀lílì dúró níwájú rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fi kùmọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ ti ní ogójì ọlọ́dẹ báyìí. Wọn ò sì ní jẹ gàárì."

Edith sáré ṣí agolo. Kọ́bọ̀ márùndínlógójì ló kù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Jẹ̀lílì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta. Olè kankan kò mú nǹkan ní àdúgbò náà lọ́dún yẹn. Jẹ̀lílì ni wọ́n pàdánù.