Ọ̀rọ̀ Kan tí Ọlọ́dà Fi Ọ̀dà Pupa Kọ

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ọlọ́dà dùbúlẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni àìsàn náà ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ebi ń pa á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ó ti yó, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Ọmọbìnrin náà wá fẹ́ dápàárá, ó ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó ilé ni yín?" Ọlọ́dà mi orí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi tó lé sí i lójú.

Tíṣà ni gbogbo ayé ń pe ìyàwó yìí, ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Òyìnbó. Iṣẹ́ ọkọ ni kí ó máa kun pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ ọ̀tún tó sì fi ń ṣe é ti kú báyìí. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ìtọ̀ ṣúgà tún ti ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́, ó ti dúdú láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní bí àwọn kò bá gé e, kò ní pẹ́ kú. Bí àwọn bá gé e, ó ṣeé ṣe kó yè. Ṣùgbọ́n Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà.

"Ó kúkú ti gbà," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí. Awakọ̀ akẹ́rù ni, kì í sì í ní sùúrù pẹ̀lú ohunkóhun tí kò ní ẹ́ńjìnnì. "Dókítà bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí la tún ń wò? Ìyàwó wa, fọwọ́ sí i jàre."

"Bọ̀dá, wọ́n bi í bóyá ìyàwó ilé ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣé òun mọ̀?"

Kì í ṣe pé Tíṣà kò fẹ́ kí wọ́n gé e o. Ó fẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ. Ì báà ṣẹ́ ku ẹsẹ̀ kan, kí ó ṣáà wà láàyè, òun á máa gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò gbà á kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó kàn ń já bọ́ lẹ́nu ènìyàn gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba iléèwé lọ, ó lọ kó àwọn páálí rẹ̀ wá.

Páálí wọ̀nyí ni Tíṣà fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbólóhùn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àti bí a ṣe ń yí i sódì. Ọmọ kan á gbé "I", èkejì á gbé "want", ẹ̀kẹta á gbé "it", wọ́n á tò síwájú kíláàsì. Gbólóhùn ti dúró nìyẹn: mo fẹ́ ẹ. Nígbà náà ni "do" àti "not" á jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì já wọ àárín "I" àti "want", ó di mi ò fẹ́ ẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tó gbé "not" á dá nìkan sáré wá, tàbí kó lọ dúró sí ìdí gbólóhùn. Tíṣà á ní, "Níbo lo fi ẹnì kejì rẹ sí, ọ̀gá?" Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún pé òun kò gbé "not" mọ́, wọ́n ń pe òun ní abàlújẹ́.

Tíṣà sọ ọ́ nílé, Ọlọ́dà sì rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kúkú kun gbogbo páálí náà, tí Tíṣà sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un bó ṣe ń kùn ún. Ó tún "not" kùn ní pupa tó ń dán, ó fi funfun gbá a létí. Ó ní kí ẹni tó bá gbé e lè máa yan. Láti ìgbà náà, ìjà ni wọ́n ń fi du "not" ní kíláàsì.

Tíṣà tò wọ́n sórí tábìlì bẹ́ẹ̀dì. "I want it." Ó fi "do" àti "not" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọlọ́dà mi, ẹ má dá ẹnu yín lóhùn. Ọwọ́ yín ni mò ń bi. Omi tútù rèé, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ọwọ́ òsì kò mira. Tíṣà fún un lómi, ó mu ún tán.

"Bọ̀dá fẹ́ kọrin fún yín. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹnu wí. Ọwọ́ òsì wọ́ lọ, ó mú "do", ó mú "not", ó tì wọ́n sáàárín "I" àti "want", ó sì tún wọn tò kí wọ́n gún régé.

Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ó wà níbẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n ń wí, "Àbúrò mi wà nínú ibẹ̀!" Kò tilẹ̀ rántí bínú sí orin rẹ̀ tí wọ́n kọ̀. Ó sáré bọ́ síta láti lọ pe àwọn ará ilé lórí fóònù.

Tíṣà yọ páálí méjèèjì kúrò. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà.

"Wọ́n fẹ́ gé e. Bí wọn ò bá gé e, ẹ máa kú. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó mú "do", ó mú "not", ó tì wọ́n sí àyè wọn.

"Rárá, mi ò ṣàlàyé dáadáa ni." Ó kó wọn kúrò, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe ikú ní ikú. Ọwọ́ náà tún tì wọ́n wọlé. Ó ti wá yé Tíṣà. Ọwọ́ tó kàn ń rìn gbéregbère kò lè mọ ibi tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wá ṣe kò bójú mu, àmọ́ ta ni ìfẹ́ kò tíì sọ di dọ̀bọ̀sìyẹsà rí? Ó mú páálí pupa náà, ó jókòó lé e. Ó tún béèrè. Ọlọ́dà mú "do", ó wá "not" káàkiri orí tábìlì, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń dúró.

Tíṣà fà á yọ, ó dá a padà fún un. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Dókítà wọlé, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. "Ó ti gbà, àbí?" ni dókítà béèrè.

Kò sí ẹni tó rí ohun tí ọwọ́ òsì ṣe. "Bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ kan péré ni, Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ á sì bá a sọ ọ́. Ó wu Tíṣà débi pé ẹnu rẹ̀ ti là.

"Ó ní òun kò fẹ́."

"Tíṣà! O ti pa á!" Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó jáde, ilẹ̀kùn sì gbá lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà wo àwọn páálí náà. Ó ní òun á kọ oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìrora pọ̀, òun náà sì jáde.

Ó wá ku àwọn méjèèjì. Tíṣà gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé kí n wá máa dá gbé inú ilé yẹn ni, Ọlọ́dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yára gbójú sókè wo ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà wọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, ó dé ara páálí pupa náà, ó kọjá lára rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Tíṣà mú.