Òfin Tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Mú Wá

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pariwo nípàdé ẹgbẹ́ wa rí, ariwo náà ò sì kéré. Ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì tó ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ni. Akọ̀wé wa ló dìde, ó ní ká ṣe é lófin pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ kun ẹbí ara rẹ̀ lóorun mọ́.

"Ẹ gbà mí o!" ni mo ní. "Ìyá tó bí mi lọ́mọ, kí n gbé wọn fún ẹlòmíì? Ta ló máa tọ́jú wọn jù mí lọ? Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín yìí le o!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dìbò, èmi nìkan ni mi ò nawọ́. Akọ̀wé kàn ń kọ̀wé ẹ̀ lọ, kò wojú mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn dá. Dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára, pé oorun iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an lè gbé wọn lọ. Nílé ìwòsàn wa, èmi àti Akọ̀wé nìkan la wà nídìí iṣẹ́ yìí.

"Ọmọ mi ló máa kun mí lóorun," ni màmá wí. "Mi ò mọ ẹlòmíì."

Mo bá Akọ̀wé níbi tó ti ń fọwọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo tòní."

"Ẹ lọ jókòó síta pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí, ẹ̀gbọ́n mi."

Inú bí mi bí ẹní máa ya aṣọ mọ́ra. Síbẹ̀ mo lọ sọ fún màmá pé ọwọ́ tó dáa ni mo fi wọ́n lé, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin tí mo máa ń ní kí ẹbí aláìsàn jókòó sí. Ó tutù. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn wọn láti inú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo dìde. Oògùn kan wà tí a máa ń fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kíá, èmi gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun nípa ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ò wá. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, orúkọ ò wá.

Ìró ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára padà.

Akọ̀wé pàpà jáde, ó bọ́ ìbòmú ẹ̀. "Màmá ti jí. Wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Mo gbọ́ ẹ̀rọ yẹn nígbà tó ń falẹ̀. Kí lẹ fún wọn?"

Ó dárúkọ oògùn náà.

"Mo gbàgbé orúkọ ẹ̀ pátápátá. Èmi o!"

Mo rò pé ó máa fi mí ṣẹ̀sín. Ó jókòó tì mí. Gbogbo wa lẹ́gbẹ́ la mọ̀ pé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ lọkọ ẹ̀ kú sí. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé ta ló kun ún lóorun.

"Èmi náà gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ló ní. "Ìgbà tí mo máa fi rántí, ẹ̀pa ò bóró mọ́."